Màmá Àgbà àti Atẹ́gùn Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ tí Màmá Àgbà kú, màmá mi ò kọ́kọ́ béèrè lórí fóònù bí ikú náà ṣe wáyé. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé ilé yẹn tutù?"

Mo ní kò tutù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ̀. Òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kìíní ni, yìnyín ti bo orí mọ́tò ní gbogbo àdúgbò. Mo gbé búrẹ́dì àti ìbẹ́pẹ lọ fún wọn ní Peckham, níbí ní London, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo kan ilẹ̀kùn títí, wọn ò dáhùn, mo bá fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi ṣí i. Orí àga wọn ni mo bá wọn, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí oorun gbé lọ lẹ́yìn ìrun àsùbá. Kóòtù ṣì wà lọ́rùn mi, mo ti ń pe áńbúláǹsì. Ta ló ráyè wo bí ilé ṣe rí nígbà yẹn?

Kí Mọ́mì tó dé láti Bermondsey, àwọn tó wá pẹ̀lú áńbúláǹsì ti ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń jáde, òtútù ìta sì ti bá wọn wọlé. Mọ́mì fọwọ́ kan rédíétọ̀ tó ń mú yàrá gbóná, èyí tó wà lẹ́bàá àga, ó tutù nini. Ni wọ́n bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ẹnu mi ló pa màmá mi."

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ ní àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ń rántí. Àwọn àti Màmá Àgbà ti jà lórí fóònù, ìjà kan náà tí wọ́n ń jà láti ìgbà tí gáàsì ti wọ́n. Mọ́mì fẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Màmá Àgbà ní kò pọn dandan. Inú wá bí Mọ́mì, wọ́n ní, "Mummy, òtútù ló máa pa yín nínú flat yẹn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa fóònù.

Dókítà sọ pé ọkàn ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, pé arúgbó ni wọ́n, wọn ò sì jẹ̀rora. Mọ́mì ò gbà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ sí ìyá rẹ̀, dókítà wo ló ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ìyẹn wò? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ nǹkan tí mo mọ̀ nípa Màmá Àgbà. Ẹni tó bá mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ló lè sọ bóyá òtútù lè rí wọn mú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kóòtù. Èèwọ̀ ni nílé Màmá Àgbà kí àlejò jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Wọ́n ti kan ìkọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún un. Bó o bá jókòó láìbọ́ ọ, wọ́n á kàn máa wò ọ́, omi lásán ò ní kan ètè rẹ. Alfa kan wá kí wọn nígbà kan láti mọ́ṣáláṣí, ó ní òtútù ti wọ òun lára, òun á ṣì jẹ́ kó wà lọ́rùn. Màmá Àgbà fi ọ̀wọ̀ gbé tíì fún un, wọ́n jókòó, wọ́n sì rọra bi í pé, "Alfa, ṣé bus stop ni ẹ pe ibí ni?"

Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe akọ. Wọ́n kórìíra òtútù ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ìlú yìí, iṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe ní ọsibítù. Wọ́n á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á padà sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í pa dé dáadáa, tí wọ́n fi ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fara da òtútù díẹ̀ kí bill lè dínkù, wọ́n á yọ ojú sí i. Wọ́n ní, "Mo ti gba òtútù tèmi lọ́dún tí mo dé. Mi ò gba òmíràn mọ́."

Nígbà tí wọ́n ń gbé ní Aylesbury, ilé ìjọba kan ní ìlú yìí náà, ìgbóná ilé wà nínú owó tí wọ́n ń san fún ilé, kò sẹ́ni tó ń wo mítà. Peckham ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní mítà tiwọn, ní flat kan tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan títí di ìgbà òtútù tí owó gáàsì fò sókè. Àwọn èèyàn ń tan ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń kígbe. Màmá Àgbà ò kígbe. Wọ́n ní nígbà tí àwọn forí kanlẹ̀ lórí ìrun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn gbọ́ tí nǹkan tútù kan ń fẹ́ sí àwọn létí. Wọ́n parí ìrun, wọ́n ṣe àdúà, ṣùgbọ́n wọn ò dìde. Wọ́n fọwọ́ tọ atẹ́gùn náà dé ibi tí pákó ìdí ògiri ti ya kúrò lára ilẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti kírun lójú kan mọ́. Ìhà tí wọ́n ń kọjú sí ò yí padà o, ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí ló ń yí. Lónìí ẹ̀bá fèrèsé ni, lọ́la ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Ibi tí wọ́n bá ti forí kanlẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́ wọn, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lẹ́yìn ìrun. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá dúró ò lè mọ̀. Ẹni tó bá rẹlẹ̀ ló ń mọ ibi tí ilé ti ń jò."

Kò pẹ́ tó fi kan àwa náà. Nílé wọn, o ò lè kí wọn ní òòró. Èmi á kúnlẹ̀, àbúrò mi Sódíq á dọ̀bálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gidi, kì í ṣe ti àwọn ọmọ London tó ń fi ìka kan ilẹ̀. Tẹ́lẹ̀, iwájú àga wọn la ti ń kí wọn. Ní ìgbà òtútù yẹn, wọ́n á ti dúró dè wá lójú ibòmíràn.

"Ẹ káàárọ̀, Grandma," ni Sódíq á wí láti ilẹ̀.

"Má tíì dìde. Kí ni ikùn ẹ ń sọ?"

"Ebi, Grandma."

"Ta ló bi ẹ́ nípa ebi? Ṣé atẹ́gùn ń kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Small breeze, by my elbow. I swear down."

Wọ́n á na ṣọ́ọ̀kì sí i, òun fúnra rẹ̀ á sàmì síbẹ̀, wọ́n á wá ní kó dìde, kó wá jẹun. Èmi, orúnkún mi ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ló ń kí àgbà láìjèrè kankan níbẹ̀. "Ìwọ Àníkẹ́, ìkúnlẹ̀ ẹ ń mówó wọlé."

Àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọjà Rye Lane ni wọ́n ti ń ra fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí fèrèsé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ra búrọ́ọ̀ṣì gígùn tí wọ́n ń kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti kékeré ti ojú ihò tí lẹ́tà ń gbà wọlé. Wọ́n ki búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sáàárín ìró méjì, wọ́n rán an pọ̀ di kọ́tìnì tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí Sódíq ní ó lè dá ìbọn dúró. Wọ́n tẹ́ fóìlì sẹ́yìn rédíétọ̀ kí ìgbóná má bàa máa wọ inú ògiri lọ. Ní ti ìbọ̀sẹ̀ wa tó ti ya, wọn ò jẹ́ ká dà á nù. Wọ́n kó o sínú ìrọ̀rí gígùn kan tí wọ́n ń tẹ́ sí ìdí ilẹ̀kùn yàrá.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lẹ fóòmù mọ́ fèrèsé kíṣìnì ni wọ́n pa òwe fún wa pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Sódíq, tí kò tíì fojú rí aláǹgbá rí, ní, "Grandma, kò sí aláǹgbá ní Peckham." Wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ó wà. Inú envelope ló ń bá wọlé, ní ìparí oṣù."

Mi ò ní sọ pé gbogbo nǹkan tí wọ́n ṣe ló dáa. Wọ́n ki àṣejù bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí àmì ṣọ́ọ̀kì tán nílẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì rí ihò atẹ́gùn tó wà ní bálùwẹ̀ àti èyí tó wà lókè ògiri yàrá. Wọ́n ní òyìnbó tó kọ́lé náà ò parí iṣẹ́ ni. Wọ́n fi àkísà dí méjèèjì pa. Ẹ sì rántí pé ilé Yorùbá nìyí. Ìkòkò mọ́ínmọ́ín ń hó láti àárọ̀, omi ẹ̀wà ń hó lọ́sàn-án, aṣọ tútù wà lórí rédíétọ̀. Gbogbo ooru omi yẹn ò ríbi jáde. Kí ìgbà òtútù tó parí, ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti bu dúdú, aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ ní Mẹ́kà sì ti ń rùn.

Inú Màmá Àgbà bàjẹ́ nítorí aṣọ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìyá Kọ́lá tó ń gbé lókè wọn ló bá wọn gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò. Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Kọ́lá, ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń ṣàríyànjiyàn, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n jọ ń mu tíì. Ọmọbìnrin kan wá láti council tó ni flat náà, ó wo ògiri, ó fa àkísà yọ, ó ní, "Alhaja, ilé gbọ́dọ̀ mí o. Tẹ́ ẹ bá ń se nǹkan, ẹ fi lid bò ó, kẹ́ ẹ sì ṣí window kíṣìnì díẹ̀." Mo rò pé wọ́n máa bá a jà. Wọn ò bá a jà. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ògiri náà, wọ́n sì ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá wá ní ẹ̀kọ́ tuntun náà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ṣe é. "Atẹ́gùn onílé wà, atẹ́gùn olè sì wà. Onílé ni mo lù, ìdí nìyẹn tí ìyà fi jẹ mí."

Ṣùgbọ́n nǹkan tí mi ò lè gbàgbé láé, ilé tiwa ní Bermondsey ló ti ṣẹlẹ̀. Ọdún yẹn, Sódíq ń wúkọ́ ṣáá. Mọ́mì ń tan ẹ̀rọ láti àárọ̀ di àárọ̀, wọ́n ń ṣe overtime nítorí rẹ̀, ẹsẹ̀ wa sì ń tutù síbẹ̀. Àwọn àti Màmá Àgbà ò tíì parí ìjà kan tí mi ò rántí ohun tó fà á mọ́. A kàn rí Màmá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà ni, wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì wá, àpò fóòmù wà lọ́wọ́ wọn. Mọ́mì ní, "Ẹ káàbọ̀ mà," ojú wọn ò túraká. Màmá Àgbà ti ilẹ̀kùn, wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n di gèlè wọn le. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi orúnkún kanlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n sì nà gbalaja síwájú ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ ní ìdí ilẹ̀kùn.

Kí ìyá dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọ, a ò rí irú rẹ̀ rí. Mọ́mì figbe ta. Wọ́n sáré kúnlẹ̀, wọ́n ń fa Màmá Àgbà lápá. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni? Mo tọrọ àforíjì. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Màmá Àgbà ò gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Risi, fi mí sílẹ̀. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kí. Atẹ́gùn ni mò ń kí, ó sì ń dá mi lóhùn dáadáa."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Sódíq, ikọ́ bá gbé e. Lẹ́yìn náà Mọ́mì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìjà yẹn parí síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni a kan búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ìdí ilẹ̀kùn wa, a lẹ fóòmù yípo fèrèsé. Mọ́mì wá lè tan ẹ̀rọ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ nìkan. Wọ́n fi overtime sílẹ̀, ara Sódíq sì ń yá díẹ̀díẹ̀. Kí Màmá Àgbà tó lọ, wọ́n ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ má dáná. Mo ní kẹ́ ẹ sé ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó dá a. Àbí gbogbo Tower Bridge Road lẹ fẹ́ máa yáná fún?"

Báyìí ni Màmá Àgbà náà ṣe ń ṣe nílé wọn. Ẹ̀rọ á tan fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó jí kírun àsùbá, á sì kú lẹ́yìn ìrun. Ó tún di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ ìyẹn, Mọ́mì náà mọ̀ ọ́n. Ó sì yẹ kí rédíétọ̀ ti tutù ní àkókò tí Mọ́mì fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kì í fi ti ohun tó mọ̀ ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la sin wọ́n. Sódíq, tó ti ga ju ilẹ̀kùn lọ báyìí, ṣe àdúà níbi sàréè pé kí Ọlọ́run tẹ́ Grandma sí ibi tó gbóná díẹ̀. Ó tún sọ pé kó má gbóná jù. Alfa pàápàá rẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá kí wa kú ọ̀fọ̀, Ìyá Kọ́lá wá, wọ́n di Mọ́mì lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Ìyá Àníkẹ́, èmi ni mo bá Alhaja jókòó gbẹ̀yìn. Lálẹ́ Friday yẹn, mo bọ́ kóòtù, mo bọ́ cardigan, mo tún ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara mi. Alhaja ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mọ́mì ní, "Ẹ ṣeun mà." Nígbà tí Ìyá Kọ́lá lọ, wọ́n sọ fún mi pé ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, pé ta ló máa wá sọ fún àwọn pé ìyá àwọn ń gbọ̀n.

Ó pẹ́ kí Mọ́mì tó lè padà lọ sí flat yẹn. Nígbà tí council ń béèrè kọ́kọ́rọ́ ni a tó jọ lọ, èmi àti àwọn nìkan. A ti pa ẹ̀rọ tó ń mú ibẹ̀ gbóná láti ọjọ́ ikú. Ọjọ́ yẹn gan-an, atẹ́gùn ń jà ní ìta, ó ń hu ní bákónì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìbòrí Mọ́mì lórí wọn. A wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ariwo náà dá. Bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Mọ́mì dúró láàárín ilé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, wọ́n ń wo àga. Mo rò pé wọ́n máa jókòó. Wọn ò jókòó. Wọ́n yí padà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kúnlẹ̀ síbi tí èmi ti máa ń kúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ẹkún ló fẹ́ gbé wọn ṣubú. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, wọ́n sì nà gbalaja, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ ní ìdí ilẹ̀kùn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Dúró ná," ni wọ́n wí. "Atẹ́gùn ni mò ń kí."

Mo dúró. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń gbá ilẹ̀kùn láti ìta. Mọ́mì sún ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti igun kan dé ìkejì, wọ́n tún sún un padà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà, ohùn tí mi ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí Màmá Àgbà ti lọ.

"Mo kí i, Àníkẹ́. Kò dá mi lóhùn."

Mo na ọwọ́ sí wọn, mo fà wọ́n dìde. Mọ́mì gbọn eruku kúrò lára, wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n sì fi kọ́ ìkọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.